Ta ni "fellow" tó wọlé wá wo ọyàn yín? Àlàyé lórí ọdún àfikún tí dókítà fi ń kọ́ àwòrán ọyàn àti ti ìlera obìnrin

Ìbéèrè kan wà tí òbí tó ní ọmọ dókítà ní Amẹ́ríkà kì í yé béèrè: "Ìgbà wo lo máa tó parí ìwé yìí?" Ọmọ ti gboyè, wọ́n ti ń pè é ní dókítà láti bí ọdún márùn-ún, ló bá tún fóònù wálé pé òun ti rí fellowship gbà ní ilé ìwòsàn yunifásítì kan, pé òun fẹ́ fi ọdún kan kọ́ nípa àwòrán ọyàn àti àwòrán ìlera obìnrin. Bàbá kí i kú oríire, àmọ́ nínú ọkàn rẹ̀, ó ń rò ó pé bóyá ọmọ fìdí rẹmi ni wọ́n ṣe ní kó tún ọdún kan ṣe sí i. Aláìsàn náà ní ìdààmú tirẹ̀. Obìnrin lọ ṣe àyẹ̀wò ọyàn, ó ti bọ́ aṣọ, ẹ̀rù ti ń bà á tẹ́lẹ̀, dókítà kan tí ojú rẹ̀ kéré wọlé, ó ní òun ni fellow. Ohun tó kọ́kọ́ sọ sí obìnrin náà lọ́kàn ni pé wọ́n fẹ́ fi òun kọ́ṣẹ́.

Bàbá yìí àti obìnrin yìí ló yẹ kí ẹnìkan jókòó tì kó là á yé wọn. Mo fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀ níbí, nítorí ẹni tí kò bá mọ ẹni tó ń ka àwòrán òun kò ní mọ ìbéèrè tó yẹ kó bi í.

Ẹ jẹ́ ká ka àwọn ọdún náà. Ní Amẹ́ríkà, ẹni tó bá fẹ́ ṣe dókítà á kọ́kọ́ fi ọdún 4 gba oyè àkọ́kọ́ ní yunifásítì, á tún fi ọdún 4 ṣe ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn. Ibẹ̀ ló ti di dókítà. Tó bá wá jẹ́ pé kíka àwòrán ara ló fẹ́ fi ṣe iṣẹ́, á fi ọdún 1 tọ́jú aláìsàn bíi ti dókítà yòókù, á sì wọ residency ọlọ́dún 4, níbi tó ti máa kọ́ àwòrán gbogbo ara: orí, egungun, ẹ̀dọ̀fóró, ikùn, ti ọmọdé, ti àgbà. Ọdún 13 ti lọ. Fellowship ni ọdún kẹrìnlá. Ẹni tó ń ṣe é ti parí residency, ó lè gba iṣẹ́ lọ́jọ́ náà gan-an tó bá wù ú, owó tí wọ́n sì máa san fún un níbẹ̀ á ju owó fellow lọ fíìfíì. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì yàn láti dúró kọ́ ẹ̀ka kan ní àkọ́yé.

Ọmọ wa tó gboyè ìṣègùn ní Ìbàdàn tàbí Ifẹ̀ kó tó kọjá síbẹ̀, ọ̀nà tirẹ̀ tún gùn sí i. Á yege USMLE, ìdánwò tí wọ́n fi ń gba ìwé àṣẹ dókítà ní Amẹ́ríkà, á sì ṣe residency láti ìbẹ̀rẹ̀, bó tiẹ̀ ti ṣe é nílé. Ọ̀nà kan wà fún ẹni tó ti di ọ̀gá nínú kíka àwòrán ní orílẹ̀-èdè rẹ̀: American Board of Radiology, ìgbìmọ̀ tó ń fún àwọn dókítà tó ń ka àwòrán ní ìwé ẹ̀rí, lè gbà kó fi ọdún 4 kọ́ṣẹ́ tàbí kó ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ kan kó tó jókòó fún ìdánwò wọn, irú ẹni bẹ́ẹ̀ sì lè fi fellowship kan tàbí méjì kún àwọn ọdún náà.

Ohun tó tún ń da ọ̀rọ̀ yìí rú fún àwa ará ilé ni pé ètò tiwa yàtọ̀. Ní Nàìjíríà, tí wọ́n bá ní dókítà kan ti gba fellowship, ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ó ti parí residency, ó ti yege ìdánwò àṣekágbá ti National Postgraduate Medical College tàbí ti West African College of Surgeons, ó sì ti tó ẹni tí wọ́n lè gbà ní consultant. Nílé, ìparí ni. Ní Amẹ́ríkà, ohun tí wọ́n ń ṣe lẹ́yìn ìparí ni. Nítorí náà, tí ẹ̀gbọ́n tó jẹ́ consultant ní UCH bá gbọ́ pé àbúrò òun ní Houston ṣì ń ṣe fellowship, kó má rò pé ọmọ náà ṣì ń lé ìwé tí òun ti gbà tipẹ́.

Ohun tí òfin béèrè, àti ohun tí ojú ní láti rí

Kí ló wá dé tí ènìyàn á fi ọdún kan gbáko kọ́ iṣẹ́ tí òfin ti gbà á láàyè láti ṣe? Ibí ni kókó ọ̀rọ̀ wà.

Ní 1992, àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà ṣe òfin kan tó dá lórí mammogram nìkan, ìyẹn àwòrán X-ray tí wọ́n ń ya fún ọyàn. Òfin náà sọ bí ẹ̀rọ ṣe gbọ́dọ̀ rí, ẹni tó lè ya àwòrán, àti ẹni tó lè kà á. Kí dókítà tó lè dá ka mammogram, lára ohun tí òfin béèrè ni pé kó ti gba wákàtí 60 ẹ̀kọ́ lórí rẹ̀, kó sì ti ka ti obìnrin 240 lójú ọ̀gá láàárín oṣù 6. Residency máa ń kájú èyí, kódà ó máa ń kọjá rẹ̀.

Ẹ wá gbé 240 yẹn yẹ̀ wò. Ní Amẹ́ríkà, nínú 1,000 obìnrin tí kò rí àmì kankan lára, tó kàn wá fún àyẹ̀wò bó ṣe tọ́, nǹkan bí 5 ni wọ́n máa ń rí jẹjẹrẹ ọyàn lára wọn. Tí gbogbo 240 bá wá jẹ́ irú àwọn obìnrin yìí, jẹjẹrẹ kan ṣoṣo ni dókítà náà máa bá pàdé. Ó ti lè ka àwòrán fún oṣù mẹ́fà gbáko, kó má tíì rí ju ẹyọ kan lọ! Báwo ló ṣe máa dá èkejì mọ̀ nígbà tó bá wọ aṣọ mìíràn wá? Ọdún fellowship ni wọ́n fi ń wá oúnjẹ fún ojú yẹn. Àwòrán tó ń gba iwájú fellow kọjá ń wọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún, títí kan ti àwọn obìnrin tí wọ́n ti mọ̀ pé ó ní kókó, àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ fún, àti àwọn tí jẹjẹrẹ pọ̀ nínú ìdílé wọn.

Yàrá tí wọ́n ti ń kà á máa ń ṣókùnkùn, kí ojú lè ya gbogbo ìwọ̀n dúdú àti funfun tó wà lórí ẹ̀rọ sọ́tọ̀. Àwòrán mẹ́rin ló kéré jù tó ń yọ fún obìnrin kọ̀ọ̀kan: ọyàn ọ̀tún àti ti òsì láti òkè wá sísàlẹ̀, àti méjèèjì láti ẹ̀gbẹ́ ní ìdàgẹ̀rẹ̀, èyí tó ń jẹ́ kí wọ́n rí ẹran ọyàn títí dé abẹ́ abíyá. Wọ́n á gbé ọ̀tún àti òsì kọ ẹ̀yìn síra wọn kí ojú lè fi ọ̀kan wé èkejì, nítorí inú ọyàn méjèèjì ẹnì kan sábà máa ń jọra. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á pe ti ọdún tó kọjá jáde, àti ti ọdún méjì tàbí mẹ́ta sẹ́yìn. Láti 2011 tí ìjọba Amẹ́ríkà ti fọwọ́ sí ẹ̀rọ tó ń ya ọyàn ní ìpele tinrin tinrin, fellow lè máa gba inú ọyàn kọjá láti awọ kan dé awọ kejì, kí ẹran tó wà lókè má baà bo ohun tó fara pamọ́ sísàlẹ̀.

Kí ló ń wá? Kókó tí etí rẹ̀ ń ta gaga. Ibi tí ẹran ara ti fà jọ láìsí ojú ọgbẹ́ tàbí iṣẹ́ abẹ tó fa á. Ohun tó wà ní ọ̀tún tí kò sí ní òsì. Àti àwọn ègé kálísíọ́mù tíntìntín, tó máa ń hàn bí iyọ̀ tó dà sórí aṣọ dúdú. Kálísíọ́mù yìí gba sùúrù púpọ̀ láti mọ̀. Ọ̀pọ̀ obìnrin tó ti dàgbà díẹ̀ ló ní in, aburú kankan kò sì sí nínú rẹ̀: èyí tó tóbi tó sì rí roboto, èyí tó fọ́n káàkiri ọyàn méjèèjì, èyí tó lẹ̀ mọ́ ara iṣan ẹ̀jẹ̀. Àmọ́ tí wọ́n bá kéré, tí ìrísí wọn kò bára mu, tí wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn lójú ìlà kan tó tún pẹ̀ka, ó lè jẹ́ pé inú òpó tí wàrà ń gbà ni wọ́n wà, pé jẹjẹrẹ tí kò tíì jáde kúrò nínú òpó náà ló ń so wọ́n. Ọwọ́ kò lè tẹ irú èyí mọ̀. Obìnrin náà kò ní mọ nǹkan kan lára. Ìgbà náà sì ni ìtọ́jú rẹ̀ rọrùn jù.

Fellow á kọ́kọ́ sọ ohun tó rí àti ohun tó fẹ́ ṣe sí i, kí ọ̀gá tí wọ́n ń pè ní attending tó ka àwòrán kan náà. Níbi tí ọ̀rọ̀ wọn kò bá ti ṣọ̀kan ni ẹ̀kọ́ ti ń wáyé. "Kí ló dé tí o fi ní kí wọ́n pe obìnrin yìí padà? Kí ló dé tí o fi gbójú fo èyí?" Ìbéèrè méjèèjì wúwo dọ́gba. Dókítà tó ń pe gbogbo ènìyàn padà, ó ń fi oorun dù àwọn tí nǹkan kan kò ṣe, ó sì ń gún wọn lábẹ́rẹ́ lásán. Èyí tí kì í pe ẹnikẹ́ni padà, jẹjẹrẹ á máa gba abẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kọjá. Ní Amẹ́ríkà, nínú 1,000 tó wá fún àyẹ̀wò, nǹkan bí 100 ni wọ́n máa ń pè padà, àwọn 5 tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan sì wà nínú wọn. Ẹ rántí èyí lọ́jọ́ tí wọ́n bá pè yín padà: àwọn tó pọ̀ jù nínú àwọn tí wọ́n ń pè ni wọ́n ń bá lọ sílé ní àlàáfíà.

Nọ́ńbà tó wà nísàlẹ̀ ìwé èsì

Gbogbo mammogram ní Amẹ́ríkà ló ń parí sí nọ́ńbà kan. American College of Radiology, ẹgbẹ́ àwọn dókítà tó ń ka àwòrán níbẹ̀, ló ṣètò rẹ̀, orúkọ rẹ̀ ni BI-RADS, ó sì ti dé ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn nílé náà. Ọ̀pọ̀ obìnrin ń rí nọ́ńbà yìí lórí ìwé, wọ́n ń fi bẹ̀rù, tàbí kí wọ́n fi fọkàn balẹ̀ níbi tí kò yẹ.

0 ló ń ṣini lọ́nà jù. Ẹlòmíràn rò pé òdo túmọ̀ sí pé kò sí nǹkan. Ẹlòmíràn gbọ́ pé wọ́n fẹ́ kí òun padà wá, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í pín ẹrù. Ohun tó ń sọ ni pé àwòrán tó wà nílẹ̀ kò tíì tó láti fi dájọ́: ó ku àwòrán mìíràn, tàbí scan, tàbí àwòrán àtijọ́ tí wọ́n fẹ́ fi wé e. 1 àti 2 kò ní wàhálà. 3 túmọ̀ sí pé ohun kan wà níbẹ̀ tí wọ́n gbà pé kì í ṣe jẹjẹrẹ, tí ewu rẹ̀ kò ju 2 nínú 100 lọ, wọ́n á sì ní kí ẹ padà wá lẹ́yìn oṣù 6. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà lọ. Ìpadàlọ yẹn ló sọ 3 di ohun tí ọkàn lè balẹ̀ sí. Tí ẹ kò bá lọ, kò sí ẹni tó máa mọ̀ bóyá ó ti yí padà. 4 ni kí wọ́n fi abẹ́rẹ́ mú ẹran ara díẹ̀ níbẹ̀, àmọ́ inú 4 fẹ̀ gan-an, láti orí ohun tí ewu rẹ̀ fi díẹ̀ ju 2 nínú 100 lọ dé orí èyí tó sún mọ́ 95, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi pín in sí A, B àti C. 5 ni pé ó ti tó 95 nínú 100 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. 6 jẹ́ ti ẹni tí wọ́n ti fìdí jẹjẹrẹ múlẹ̀ lára rẹ̀, tí ìtọ́jú ti ń lọ.

Láàárín 3 àti 4A, ìyàtọ̀ rẹ̀ tinrin. Ibẹ̀ ni fellow ti ń lo ọdún rẹ̀ jù. Kò sí ìwé tó lè kọ́ ọ ní gbogbo rẹ̀.

Abẹ́rẹ́

Dókítà tó ń ka àwòrán ọyàn kì í jókòó sínú òkùnkùn nìkan. Òun ló máa ń gún abẹ́rẹ́ náà. Ó ń ya àwọn kan lẹ́nu, nítorí wọ́n rò pé oníṣẹ́ abẹ ló ń ṣe é.

Bó ṣe ń lọ nìyí tó bá jẹ́ pé scan ni wọ́n ń fi wo ibi tí wọ́n ń lọ. Obìnrin á dùbúlẹ̀, apá rẹ̀ á wà lókè orí. Fellow á fi ọwọ́ kan mú ohun tí wọ́n ń fi ya scan, á fi ọwọ́ kejì gún abẹ́rẹ́ tó ń mú ojú ibẹ̀ kú. Á la awọ díẹ̀, ojú rẹ̀ kò tó èyí tí wọ́n ń rán. Á wá ti abẹ́rẹ́ tó tóbi díẹ̀ wọlé ní ìbùlẹ̀, kó má baà dojú kọ àyà àti ẹ̀dọ̀fóró, ojú rẹ̀ kò sì ní kúrò lórí ẹ̀rọ títí ẹnu abẹ́rẹ́ á fi kan kókó náà. Abẹ́rẹ́ yẹn máa ń dún pàá nígbà tó bá ń gé ẹran. Fellow tó mọṣẹ́ á ti kọ́kọ́ jẹ́ kí obìnrin náà gbọ́ ìró náà kó tó gún un, kó má baà ta gìrì lójijì. Kíkọ́ bí a ṣe ń sọ ìyẹn wà lára iṣẹ́ náà, mo sì kà á kún iṣẹ́ gidi. Lẹ́yìn tó bá ti mú ẹran bíi mẹ́ta, mẹ́rin, á fi àmì irin kan tó kéré gan-an sílẹ̀ níbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó bá ya àwòrán lọ́la lè mọ ibi tí wọ́n ti mú ẹran. Kò léwu, kì í ro ènìyàn, ẹ̀rọ pápákọ̀ òfuurufú kì í sì í tìtorí rẹ̀ ké.

Kálísíọ́mù tí scan kò rí, mammogram ni wọ́n ń fi tọ́ abẹ́rẹ́ sọ́nà. Ohun tó jẹ́ pé MRI (ẹ̀rọ tó ń fi agbára mágnẹ́ẹ̀tì ya inú ara) nìkan ló rí i, inú MRI ni wọ́n ti ń mú un. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni fellow gbọ́dọ̀ mọ̀ dáadáa kó tó lọ.

Ọjọ́ tí èsì bá dé ni apá tí àwọn aláìsàn kì í mọ̀ nípa rẹ̀ máa ń ṣẹlẹ̀, ó sì wù mí kí gbogbo obìnrin mọ̀ ọ́n. Yàrá àyẹ̀wò ẹran ara á fi ìwé ránṣẹ́ pé kò sí jẹjẹrẹ nínú ẹran tí wọ́n mú. Gbogbo ilé á dúpẹ́. Àmọ́ fellow àti ọ̀gá rẹ̀ á tún ṣí àwòrán náà, wọ́n á bi ara wọn pé: ṣé èsì yìí lè ṣàlàyé ohun tí a rí? Tí àwòrán bá fi kókó tí etí rẹ̀ ń ta gaga hàn, tí wọ́n ti fún ní 5, tí ìwé wá sọ pé ẹran ọyàn lásán ni wọ́n rí, a jẹ́ pé ọ̀kan nínú méjèèjì kò tọ̀nà, ó sì ṣeé ṣe kí abẹ́rẹ́ ti tàsé. Wọn kò ní jẹ́ kí obìnrin náà máa lọ. Wọ́n á tún mú ẹran mìíràn tàbí kí wọ́n fà á lé oníṣẹ́ abẹ lọ́wọ́. Jẹjẹrẹ tí abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ kò bá bá, ibí yìí ni wọ́n ti ń gbá a mú. Wọn tún máa ń gbé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ sí ìpàdé tí oníṣẹ́ abẹ, dókítà jẹjẹrẹ, dókítà àyẹ̀wò ẹran ara àti àwọn tó ń ka àwòrán ti ń jókòó pọ̀, fellow ló sì sábà máa ń gbé àwòrán kalẹ̀ níwájú gbogbo wọn.

Sísọ èsì fún obìnrin náà wà nínú ẹ̀kọ́ pẹ̀lú. Láti 2021, òfin Amẹ́ríkà kò fàyè gba kí ilé ìwòsàn kàn fi èsì pamọ́ fún aláìsàn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tó fi jẹ́ pé ẹlòmíràn máa ń ka ọ̀rọ̀ jẹjẹrẹ lórí fóònù rẹ̀ kí dókítà kankan tó pè é. Èyí dùn mí. Ohun tí fellow tó ní àánú máa ń ṣe ni pé lọ́jọ́ abẹ́rẹ́ gan-an, á ti sọ ohun tó ń bẹ̀rù fún obìnrin náà, á bi í bó ṣe fẹ́ kí wọ́n sọ fún òun, àti ẹni tó fẹ́ kó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun.

Ti ìlera obìnrin ńkọ́?

Ilé ìwòsàn kan á ní ọyàn nìkan ni fellowship tiwọn dá lé. Òmíràn á fi àwọn àwòrán obìnrin yòókù kún un: scan aboyún, àwòrán ilé ọmọ àti ibi tí ẹyin ń gbé, MRI ìsàlẹ̀ ikùn, àwòrán líle egungun fún àwọn tí nǹkan oṣù wọn ti dáwọ́ dúró. Àwọn obìnrin tó ti wá ọmọ rí nílé mọ HSG, èyí tí wọ́n fi ń ta oògùn sínú ilé ọmọ kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ọ̀nà tí ẹyin ń gbà ṣí. Ó wà lára rẹ̀. Fibroid náà wà níbẹ̀, iyẹn sì kàn wá gan-an, nítorí ó máa ń pọ̀ lára àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú, ó sì máa ń tètè bẹ̀rẹ̀ lára wọn. MRI ló ń fi iye wọn, bí wọ́n ṣe tóbi tó àti ibi tí wọ́n jókòó sí nínú ògiri ilé ọmọ hàn, kí oníṣẹ́ abẹ tó mọ èyí tó ṣeé yọ láìgbé ilé ọmọ kúrò.

Ọmọ tó ń wá ipò yìí gbọ́dọ̀ béèrè dáadáa, nítorí ìgbìmọ̀ ACGME tó ń bójú tó residency ní Amẹ́ríkà kì í fọwọ́ sí fellowship àwòrán ọyàn bó ṣe ń ṣe fún àwọn ẹ̀ka mìíràn, kò sì sí ìwé ẹ̀rí pàtàkì tí American Board of Radiology ń fúnni lórí rẹ̀. Ẹgbẹ́ Society of Breast Imaging ti kọ ìlànà ohun tó yẹ kí wọ́n kọ́ni, àmọ́ ọwọ́ ilé ìwòsàn kọ̀ọ̀kan ni bó ṣe máa rí wà. Ẹlẹ́yìí ń ṣe MRI púpọ̀, tọ̀hún kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣe é. Ọdún kẹta residency ni wọ́n máa ń forúkọ sílẹ̀, oṣù Keje lẹ́yìn tí residency bá parí ni iṣẹ́ sì máa ń bẹ̀rẹ̀.

Àwọn kan tún ń bi àwọn fellow pé kí ni wọ́n ń kọ́ ọ fún nígbà tí kọ̀ǹpútà ti fẹ́ máa kà á. Lóòótọ́, ìwádìí kan ní Sweden tí wọ́n gbé jáde ní 2023, tó kan obìnrin tó lé ní 80,000, fi hàn pé kọ̀ǹpútà dín iṣẹ́ kíkà kù ní ìdá 44 nínú 100. Ṣùgbọ́n dókítà ló ṣì ń dájọ́ níbẹ̀, kọ̀ǹpútà kò sì tíì gún abẹ́rẹ́ fún ẹnikẹ́ni.

Ṣé wọ́n ń fi mí kọ́ṣẹ́ ni?

Fellow ń kọ́ṣẹ́, mi ò ní purọ́ fún yín. Àmọ́ dókítà tó ti ka àwòrán fún ọdún mẹ́rin ni, ọ̀gá rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ wo ohun tó kà kó tó fọwọ́ sí i. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí NHS, ètò ìlera ìjọba wọn, ti ń pe obìnrin láti ẹni 50 ọdún títí di ẹni 71 ní ọdún mẹ́ta mẹ́ta, ẹni méjì ló ń ka mammogram kọ̀ọ̀kan. Amẹ́ríkà kò ní irú ìlànà yẹn; ẹni kan ti tó. Nítorí náà, ibi tí fellow bá ti jókòó ti ọ̀gá rẹ̀, ojú méjì lẹ ní níbi tí ẹlòmíràn ti ní ẹyọ kan. Èmi ò rí ìdí tí obìnrin fi máa lé fellow jáde. Tí ọkàn yín kò bá balẹ̀ lórí abẹ́rẹ́, ẹ ní ẹ̀tọ́ láti sọ pé ẹ fẹ́ kí ọ̀gá wà nínú yàrá, wọn kò sì gbọ́dọ̀ bínú sí yín.

Ọ̀rọ̀ náà tún kan àwa obìnrin aláwọ̀ dúdú ju bí a ṣe rò lọ. Ní Amẹ́ríkà, jẹjẹrẹ ọyàn kò fi bẹ́ẹ̀ mú obìnrin dúdú tó obìnrin funfun, síbẹ̀ ikú tó ń tara rẹ̀ wá fi nǹkan bí ìdá 40 nínú 100 ga sí i láàárín wa. Olufunmilayo Olopade, tó gboyè ìṣègùn ní Yunifásítì Ìbàdàn kó tó di gbajúmọ̀ ọ̀jọ̀gbọ́n ní Chicago, wà lára àwọn tó fi ìwádìí hàn pé irú tó le, tó sì ń mú ọ̀dọ́, pọ̀ lára àwọn obìnrin tó ti Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà wá. Láti 2023, American College of Radiology ti ní kí wọ́n yẹ ewu tó wà lórí obìnrin wò kó tó pé 25 ọdún, pàápàá obìnrin dúdú. Ẹni tí ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin bá ti ní in, kó má dúró de 40 kó tó sọ fún dókítà. Fún àwọn yòókù, ìgbìmọ̀ ìjọba wọn sọ ní 2024 pé kí mammogram bẹ̀rẹ̀ láti 40, kó máa jẹ́ ọdún méjì méjì títí dé 74. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà tó ń ka àwòrán sọ pé ọdọọdún ló dára. Ọdọọdún ni èmi fara mọ́ fún àwọn obìnrin wa, nítorí èyí tó le kì í dúró de ọdún méjì.

Nílé, kò sí ètò àyẹ̀wò ọyàn tí ìjọba ń pe gbogbo obìnrin sí. Ọ̀pọ̀ ló ń dé ilé ìwòsàn nígbà tí kókó ti tóbi tàbí tí awọ ti bẹ́, scan sì ni ohun èlò tó wà nítòsí jù. Dókítà tó bá kọ́ṣẹ́ yìí ní Amẹ́ríkà tó sì padà wálé á rí i pé ọwọ́ tó ń gún abẹ́rẹ́ lábẹ́ scan ló máa wúlò jù, torí abẹ́rẹ́ tó tọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ máa ń gba obìnrin lọ́wọ́ iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ì bá ṣe kí wọ́n lè mọ ohun tó jẹ́ nìkan.

Ẹ má ju àwòrán àtijọ́ nù. Ẹ̀yin tí wọ́n ya mammogram fún ní Èkó tàbí Ìbàdàn, tí wọ́n gbé fíìmù tàbí CD lé lọ́wọ́, ẹ tọ́jú rẹ̀, kẹ́ ẹ sì mú un dání tí ẹ bá ń lọ sílùú òyìnbó. Ohun tó ti wà bẹ́ẹ̀ láti ọdún márùn-ún láìyí padà, wọ́n lè má gún un lábẹ́rẹ́ mọ́.

Tí fellow bá sì wọlé, ẹ bi í pé ta ni ọ̀gá rẹ̀ lónìí, ta ló máa gún abẹ́rẹ́, ọjọ́ wo ni èsì máa dé, ta ló sì máa pè yín. Ẹ kọ orúkọ náà sílẹ̀. Lọ́jọ́ tí ẹni náà bá pè, tó ní àwọn kò rí jẹjẹrẹ, ẹ tún bi í ní ẹyọ kan sí i kí ẹ tó gbé fóònù sílẹ̀: "Ṣé èsì yìí bá ohun tí ẹ rí lórí àwòrán mi mu?"